Ìṣó Tí Kò Kan Wáyà

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ iná, ẹ fetí sílẹ̀. Dókítà ti sọ pé ọkàn mi ò lágbára mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kú. Irọ́ tí mo pa mọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Òní ni n óò tú u síta fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí wáyà ilé wọn gbó, wọ́n ní, "Àbúrò mi ń bẹ, kí ni mo fẹ́ fi àjèjì ṣe?" Mo fa wáyà tuntun yí gbogbo ilé ká. Àmọ́ bíréékà, èyí tó máa ń já iná kí ó má baà gbé èèyàn, kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo yọ gbogbo nǹkan kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tan iná yàrá kọ̀ọ̀kan wò, kò jábọ́. Kí ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, pàá! ó ti jábọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbí bíréékà yìí kórìíra aṣọ mi ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Ó yẹ kí n tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, ṣùgbọ́n ìmẹ́lẹ́ mú mi. Mo ní bíréékà náà kàn ń yọ wá lẹ́nu lásán ni. Mo gé wáyà pénpé kan, mo fi so iwájú bíréékà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná máa gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní, "Ó ti dáa." Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí mo fi dé ẹnu géètì.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ tútù kan ẹ̀rọ náà, iná gbé wọn. Ọkọ wọn ló sáré pa iná gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi yè, àmọ́ ìka wọn méjì ti kú títí dòní. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ojú wà lára mi. Mo wòkè, mo rí ìṣó tí ọkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ náà láti fi kọ́ kàlẹ́ńdà. Ẹ gbà mí o! Ẹnu mi yìí ló sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ìṣó yín ti lu wáyà." Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa ìyàwó mi?"

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà nílé ìwòsàn, mo tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sukúrúù tí èmi fúnra mi dè ti bó wáyà lára, òun ló ń gbé iná wọ ara ẹ̀rọ náà tó bá ti ń gbọ̀n. Ìṣó Bọ̀ọ̀dá ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo tún un ṣe, mo yọ wáyà pénpé náà, mo panu mọ́. Láti ìgbà náà, Bọ̀ọ̀dá ló ń fọ gbogbo aṣọ ilé, wọn ò jẹ́ kí ìyàwó wọn sún mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọkọ mi alágbàfọ̀!" Èmi òṣìkà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe, "Ìwọ tí mo pọ̀n!" Ọkọ wọn ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n bi mí léèmejì, "Ṣé lóòótọ́ ni kì í ṣe èmi?" Mo ní èmi ni. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Tí bíréékà bá ń jábọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ohun tó ń já a. Kí ẹ sì bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní àwọn á rò ó. Ní ti ọkọ wọn, wọ́n ti dárí jì mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọn ò ṣe, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dá a padà fún wọn.