Ojú Ìrán Ẹ̀yìn Aṣọ Ìyàwó

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi. Ohùn mi ò lágbára mọ́, dókítà sì ti sọ fún ọmọ mi ohun tó rò pé mi ò gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Ẹ̀yin ló kù.

Mo mọ̀ pé Ìyá Tún-un-rán lẹ̀ ń pè mí lẹ́yìn. Mo tilẹ̀ ń gbádùn rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni rán mọ́ aṣọ tí mi ò ní fọwọ́ fà wò. Mo gbà pé bí mo bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo nǹkan máa dàrú. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ni igi lẹ́yìn ọgbà mi níbẹ̀. Ó mọ aṣọ rán jù mí lọ. Ẹ ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu mi, ẹ gbọ́ ọ lónìí.

Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí yàrá kan lójú ọ̀nà ilé ìwé. Mo fẹ́ dá dúró. Ẹ súre fún mi." Mo súre. Ẹnu mi ló súre, inú mi kò sí níbẹ̀. Aṣọ ìyàwó ọmọ tíṣà kan ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gbà lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rán an lórí maṣíìnì mi. Mo wá àṣìṣe títí, mi ò rí ọ̀kan. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e, ó sáré lọ ra bọ́tìnì tó kù. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo yí inú aṣọ náà síta, mo mú abẹ, mo gé okùn ojú ìrán ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ síìpù. Mo ń fo méjì, mo ń gé ìkẹta, títí dé ìbàdí. Mo wá fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó má baà hàn. Ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí kò gbọ̀n rárá. Ìgbà yẹn ló yẹ kó gbọ̀n.

Níbi ìgbéyàwó, ìyàwó nawọ́ láti dì mọ́ bàbá rẹ̀ níwájú èrò, aṣọ ya mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ náà padà wá nínú ọ̀rá. Kò pariwo. Ó kàn wo àbúrò mi, ó ní, "Ọmọ mi ò fẹ́ wo fọ́tò kankan nínú fọ́tò ọjọ́ yẹn." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé okùn tó bá já fúnra rẹ̀, ẹnu rẹ̀ máa ń hu irun, èyí tí abẹ gé sì máa ń dán. Nítorí náà mo yára gba aṣọ náà, mo fa okùn rẹ̀ yọ pátá kí àbúrò mi tó wò ó. Mo ní, "Fi sílẹ̀, jẹ́ n bá ẹ tún un ṣe." Ó sunkún lé mi léjìká, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ìkà yìí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Kò sọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò parí iṣẹ́ kan láìgbé e wá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Gbólóhùn yẹn ni mo ń jẹ, òun ni mo ń mu.

Lẹ́nu ọdún kan yìí ojú mi bàjẹ́, mi ò rí okùn mọ́, áńbọ̀sì ihò abẹ́rẹ́. Síbẹ̀ àbúrò mi ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ́ aṣọ kan lé mi lẹ́sẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo fọwọ́ pa á, mo ní, "Tún un rán." Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo wá ń gbọ́ bó ṣe ń tú ìrán tó dára, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún, láì jiyàn. Ara mi sú mi. Mo pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ojú ìrán wo?" Mo ní ti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bú ọwọ́ ara mi." Ó yọ sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí ìṣó, ó lọ. "Dúró" ti dé ètè mi, mo gbé e mì.

Wọ́n ní ó ti gba yàrá kan, ó sì gé aṣọ àkọ́kọ́ lánàá láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ìdáríjì ni mò ń tọrọ. Bí kò bá fún mi, ẹ má fi ipá gbà á fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, bí ẹ bá ti kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe é.

Ẹ má sì rò pé mo ti yí padà tán. Láàárọ̀ yìí ni mo ṣì ń rò ó pé bóyá ó gé apá aṣọ yẹn kéré jù. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń fọwọ́ wá bàtà mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti lọ bá a níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e pamọ́.