Kì Í Ṣe Taimi Ló Sọ Téèpù Náà Nù

Ẹ̀yin ará ìlú Iisalmi ní Finland níbí, pàápàá ẹ̀yin tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbé ife kọfí yín sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ mi. Dókítà ní ọkàn mi kò ní pẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo ti lo ọkàn náà tó. Ikú kò bà mí lẹ́rù rárá. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi láti ọdún 1961, mi ò sì ní gbé e wọ sàréè. Èmi Kerttu Vornanen, olùkọ́ tí ẹ̀ ń pè ní ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, èké ni mí. Mo ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Taimi Huttunen lọ̀rẹ́ náà. Oko ẹ̀gbẹ́ adágún ló ti wá, bàbá rẹ̀ ń sin màlúù. Àga kan náà la jọ ń jókòó lé ní ilé ìwé. Ó mọ̀wé, èmi náà mọ̀wé, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo ti ní òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó mọ̀wé jù mí lọ. Ní ọdún tí a máa jáde, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ìlú wa kéde pé àwọn yóò rán ọmọ kan lọ sí Edinburgh kó lọ kàwé. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé olókìkí kan láti Scotland sọ lọ́jọ́ tí wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ni wọ́n máa fi dán wa wò, àti àwọn ọ̀rọ̀ líle inú rẹ̀ àti ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Èmi àti Taimi nìkan la fi orúkọ sílẹ̀. Téèpù méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà, ilé ìkàwé ló ni ín. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kí n gbé e fún Taimi, òun ni yóò sì dá a padà.

Olùkọ́ wa, ọ̀gbẹ́ni Rautiola, ti kọ́ wa bí a ṣe máa ṣe é. Kí o gbọ́ gbólóhùn kan, kí o dá ẹ̀rọ dúró, kí o kọ ọ̀rọ̀ tí o kò mọ̀ sínú ìwé, kí o wá ìtumọ̀ rẹ̀, kí o sì fi sọ nǹkan inú ilé yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó mú mi lágara! Àwọn ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gùn, wọ́n sì le, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá a jà kí n tó mọ mẹ́wàá péré. Taimi ní tirẹ̀, nígbà tó gba téèpù, ọ̀sán kan ló fi mọ ogún. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé náà fi ṣàpèjúwe ọba tó kọ ìtùnú, Taimi fi sọ màlúù wọn kan tó kọ̀ kí wọ́n fún wàrà rẹ̀. Mo bá a rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì ń jowú rẹ̀.

Àmọ́ téèpù kan ṣoṣo ni mo gbé fún un. Mo ti já ìwé ara páálí rẹ̀ tó sọ pé méjì ni wọ́n dànù.

"Ṣé kan yìí náà ni?" ló bi mí.

"Kan yẹn náà ni."

Lọ́jọ́ kẹta ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. "Kerttu, bàbá yìí mà gé ọ̀rọ̀ lójijì o! Ó ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, pé ìyá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ló bá dákẹ́."

"Bí àwọn òǹkọ̀wé ńlá ṣe ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìwọ ará oko yìí, ṣé o fẹ́ kó máa kí ẹ̀yin ará ilé pé ó dàárọ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí gbọ́. Ẹ wo ìwà ìkà!

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwa méjèèjì la jókòó níwájú adájọ́ mẹ́ta. Taimi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ débi pé mo mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè ká a. Ni ìyá kan láàárín wọn bá bi í pé kí ló rí sí ìparí ọ̀rọ̀ náà. Taimi gbé orí sókè. "Mo fẹ́ràn bó ṣe fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mà, tí kò sọ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé."

Wọ́n wo ara wọn lójú. "Ọmọ, ṣé o gbọ́ ọ dé ìparí?"

"Mo gbọ́ ọ, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, pé ó tún ń parọ́ mọ́ ọn. Èmi wá dìde, mo ka ìdajì kejì láìwo ìwé, mo túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìkọsẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní Edinburgh.

Ẹ rò pé ó burú tó bẹ́ẹ̀? Kò tíì burú. Nígbà tí Taimi dá téèpù padà, ilé ìkàwé ní méjì làwọn kọ sílẹ̀, níbo ni ìkejì wà? Wọ́n ní kò gbọdọ̀ yá ohunkóhun níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé ó wá sí sọ́nà wa, ilé ìwẹ̀ olóoru tí a máa ń dáná sábẹ́ òkúta rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́ wa: bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì là ń ṣe nínú sọ́nà, a kì í jà níbẹ̀, a kì í parọ́ níbẹ̀. Ìdí tó fi dúró dìgbà tí a wọ ibẹ̀ nìyẹn kó tó bi mí.

"Kerttu, inú sọ́nà la wà o. Téèpù mélòó lo gbé fún mi?"

Mo da omi sórí òkúta gbígbóná, mo sì wo ojú rẹ̀ báyìí. "Méjì ni, Taimi. Ọwọ́ rẹ ni mo gbé méjèèjì lé."

Abẹ́ òkúta yẹn gan-an ni mo ti sun téèpù kejì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fi dáná tí a jọ ń yá.

Ó sorí kọ́. "Á jẹ́ pé èmi ni mo sọ ọ́ nù. Má bínú pé mo bi ọ́." Èmi ló ń bẹ̀!

Ó wá téèpù yẹn títí ó fi tú pákó ilẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Mo lọ sí Edinburgh, mo dé, mo di olùkọ́ yín. Ogójì ọdún ni Taimi fi ń rọ wàrà sínú ìgò, kò sì tún sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní, "Èmi tí mi ò lè tọ́jú téèpù kan."

Ó ti wà ní ilé àwọn àgbà báyìí, yàrá kọkànlá. Ọpọlọ rẹ̀ ti ń lọ, ó ti gbàgbé orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló pè mí ní oṣù kẹta: "Màmá ń wá téèpù kan látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń tú gbogbo dúrọ́ọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, mà?" Mo lọ, mo jókòó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú dúrọ́ọ̀. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ nù nígbà náà?"

"Ìwọ kọ́, Taimi."

"Ẹni ibi ni ọ́. Jáde níwájú mi." Àmọ́ ó ti dúrọ́ọ̀ padà, ó sì sùn.

Mo rò pé ó parí. Nígbà tí mo padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Kerttu, bá mi wá téèpù kan." Ó ti gbàgbé. Mo tún jẹ́wọ́, ó tún lé mi jáde. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ yín dupò, ẹ kàwé kí ẹ gba ipò náà, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lè lọ mọ́, kí ẹnìkan nínú yín lọ ní àárọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú dúrọ́ọ̀, kó sọ fún un ketekete pé, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́ nù, Màmá. Kerttu ló sun ún." Lọ́jọ́ kejì, kó tún padà lọ. Taimi máa bú mi. Ẹ má gbèjà mi, ẹ jẹ́ kó bú mi tán.