Àmì Tí Mi Ò Fi Sí I

Àbúrò mi, jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé kí wọ́n jókòó tì ọ́. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn mi dé, ẹ̀yin náà sì ti rí i lójú mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Tí mo bá gbé e lọ, kò sí ẹlòmíì tó lè sọ ọ́ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí kan náà la ti ṣiṣẹ́, èmi mẹkáníìkì, òun awakọ̀ fọ́kílífù, ọkọ̀ kúkurú tó ń fi irin méjì gbé ẹrù níwájú. Rọra là ń pè é, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń wakọ̀. Àwọn alábàárù a máa pariwo pé, "Rọra, ìgbín ti kọjá ẹ o!" Òun náà á dáhùn pé, "Ẹ bá mi kí i!"

Fọ́kílífù tó gbó jù lọ ni wọ́n fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bíréèkì rẹ̀ kọṣẹ́. Mo tú u, mo rí i pé rọ́bà tó ń sé ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀ ti sán. Kò sí òmíràn nílẹ̀. Ọ̀gá dúró lé mi lórí: "Àwọn tírélà ti tò síta! Ṣé ibẹ̀ lo máa sùn sí ni?" Ó yẹ kí n sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Mi ò sọ ọ́. Mo fọ rọ́bà tó ti sán yẹn, mo yí ojú rẹ̀ padà, mo dá a padà sáyè rẹ̀. Mo wa ọkọ̀ náà díẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìgbẹ́rù. Ó dúró. Mo tan ara mi pé ó ti tó.

Ṣọ́ọ̀kì ni mẹkáníìkì fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ là ń kọ ọ́ sí. "Ó ń mú": bíréèkì ń di ọkọ̀ mú, máa wà á lọ. "Ó ń mu": ó ń mu ọ́ìlì, ó ń jò, má gùn ún. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Èmi tí mo lọ kọ́ àmì ohùn ní ilé-ìwé alẹ́, tí mo máa ń bú àwọn tó kù pé wọn ò mọ̀wé kọ, mo fi àmì sórí "Ó", mo fi sórí "ń", ọwọ́ mi wá dúró lórí "mu". Mi ò fi nǹkan kan sí i. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìkánjú ni. Ọkàn mi ò gbà pé bíréèkì yẹn á mú, ọwọ́ mi sì mọ̀.

Mo ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ rẹ lẹ́yìn ògiri. Ó ń kà á sókè bí ọmọ ilé-ìwé: "Ó... ń... mú. Ó ń mú! Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ yín dáa o!" Ó tan ọkọ̀. Mo lè ké sí i. Omi ń dà sí mi lọ́wọ́, mo ń fọ ọ́ lọ. Nígbà tó gbé sìmẹ́ńtì dé ibi tó dà gẹ̀rẹ́, igbe rẹ̀ ni mo gbọ́: "Ẹ sá! Ẹ sá lọ́nà!" Ó yí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn alábàárù, ó sì kọlu ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà láàárín.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù.

Ọ̀gá pè mí síwájú ọkọ̀ náà. "Kí lo kọ síbí?"

"Ó ń mu ni, sà. Ó ń mu ọ́ìlì."

"Ta ló wá ní kó gùn ún?"

"Bóyá ó ṣì í kà, sà."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Wọ́n ní àfọwọ́fà ni, wọn ò fún un ní nǹkan kan, wọ́n sì lé e. Àwọn tó gba ẹ̀mí wọn là ni wọ́n tún ń fi í ṣẹ̀sín: "Rọra, wá bá wa ka ìwé!" Ìwọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ fún àwọn ènìyàn títí ọwọ́ rẹ fi bó.

Mo wá kí yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a pẹ̀lú síléètì ọmọ lórí itan rẹ̀ tó kù. Ó ti kọ "mu" àti "mú" kún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Mo ti ń dá wọn mọ̀. Ẹ máà bínú pé mo ba iṣẹ́ yín jẹ́." Mo gba síléètì náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ní ó gbà á. Ọlọ́run gbọ́, mo bá a ṣàtúnṣe ọ̀kan.

Bó ṣe kú nìyẹn, ó gbà pé òun lòun ṣe ara òun.

Àbúrò mi, bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọ̀gá kankan dá yín lọ́wọ́ dúró láàárín ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì gbọ́ èyí lẹ́nu mi kí n tó lọ: "mú" ni mo fẹ́ kó kà. "Mú" ló kà. Bàbá yín ò ṣì í kà.