Èmi Ni Mo Ká Bọ́ọ̀dù Náà

Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi. Dókítà ti sọ òótọ́ àìsàn yìí fún mi, ó yẹ kí èmi náà sọ òótọ́ tèmi kí n tó lọ. Irọ́ mi ti sáré fún ọdún mẹ́sàn-án. Òótọ́ ti bá a lónìí.

Ẹ rántí ẹ̀rọ orúnkún tí a ṣe fún àwọn aláìsàn tó ń kọ́ ìrìn padà. Bọ́ọ̀dù méjì tí iná ẹ̀rọ náà lè máa gba ojú wọn kọjá ló wà nílẹ̀ tí a fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn. Èkíní ni èyí tó le, onípele mẹ́fà, iṣẹ́ tí mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe. Ó ń gba nǹkan púpọ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀, àfi ká gé e sí méjì, ká fi wáyà so ó pọ̀. Èkejì rọ̀, ó ń tẹ̀ bí orúnkún bá ṣe ń tẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo yín ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ló ṣe ìyẹn. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé lẹ wáyà.

Ó ní, "Ọ̀gá, orúnkún kì í dúró lójú kan. Ẹ jẹ́ ká lo èyí tó rọ̀." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó ká mi lára ni pé bí tirẹ̀ bá wọlé, èmi ọ̀gá ni yóò wá máa bi í léèrè iṣẹ́. Ẹ ò rí ìtìjú àgbà bí?

A gbé tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìdánwò tó ń tẹ̀ ẹ́, tó sì ń nà án. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà ẹgbàárùn-ún, kò mira. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bọ́ọ̀dù rírọ̀ gba kí a tẹ̀ ẹ́ roboto, kò gba kí a ká a bí ẹní ká ìwé. Nígbà tó lọ jẹun ọ̀sán, mo pa ẹ̀rọ náà. Mo tú bọ́ọ̀dù rẹ̀, mo ká a sí méjì, mo fi èékánná tẹ ojú ibi tí mo ti ká a. Mo tún nà án, mo dá a padà síbi tó wà. Mo sì tan ẹ̀rọ náà padà.

Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tó dé, iná bọ́ọ̀dù náà kú lójú alákòóso ilé iṣẹ́ tó wá wo èyí tí yóò mú. Ọmọ náà ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Bóyá èmi ni mo ká a nígbà tí mo ń dè é, mi ò mọ̀." Kò wá sí i lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ kan ejò nínú. Ó wojú mi. Mo ní, "Ọwọ́ máa ń ṣèèṣì, ọmọ mi."

Tèmi ni wọ́n mú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wáyà rẹ̀ fi ń já lórúnkún àwọn aláìsàn. Nígbà yẹn, ọmọ náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò fọkàn tán ọwọ́ òun mọ́.

Lánàá, ó wá fọ ẹsẹ̀ mi níbí. Bó ṣe ń nù ún, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú nítorí bọ́ọ̀dù yẹn. Mo dójú tì yín." Mo la ẹnu mi, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́."

Bí ẹni tí ẹ kọ́ bá mọ̀ ọ́n jù yín lọ lọ́la, ẹ jókòó tì í, kó kọ́ yín. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Bó bá ku èmi àti òun nìkan, n óò tún purọ́.