Bisikíìtì Tó Wọ́ Ìpín Kọ̀ǹpútà Lulẹ̀

Má dìde, Àlàó, má da ara ẹ láàmú! Dókítà ní wáyà ni wọ́n fi so àgbọ̀n ẹ, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko lo máa fi dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Ọlọ́run ṣeun. Wọ́n ní ọ̀kadà ló gbé ẹ ṣubú ní Challenge. Mo ti lọ bá ọlọ́kadà kẹ́dùn.

Mo ra ọsàn wá. Mo mọ̀ pé o ò lè jẹ ẹ́. Èmi ni màá jẹ ẹ́.

Ṣé o rántí ìpàdé àwa onípìn-ín ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn, ní gbọ̀ngàn Ring Road? Lọ́dún tó kọjá, ìrẹsì àti adìyẹ ni wọ́n fún wa, pẹ̀lú agbòjò. Lọ́dún yìí, bisikíìtì. Kálukú ń jẹ tiẹ̀ jẹ́jẹ́, àfi ìwọ! O gbé tìẹ sókè bí ẹni mú òkú eku ní ìrù, o mí kanlẹ̀, o ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, èrè ti tán nílé iṣẹ́ yìí." Ta ló bi ẹ́? Ṣé inú bisikíìtì ni wọ́n ń kọ èrè sí ni?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ẹ ti dé orí bẹ́ǹṣì alágbàtà wa ní Dùgbẹ̀, níbi tí gbogbo wa ti ń ra ìpín, tí a ti ń tà á. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti sá lọ sí Kùtọnu! Ìpín tó jẹ́ náírà méjì di àádọ́ta kọ́bọ̀. Àyà mi já, mo ta ẹgbẹ̀rún márùn-ún tèmi pátá. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni, Àlàó! Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà onílẹ́tà! Òun ni mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù ilé l'Ágbowó. Àtọ́kẹ́ ìyàwó mi ṣì ń fi báfù gbe òjò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ta ló sì rà á? Ìwọ! Ìwọ tí o ní èrè ti tán! Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde: èrè wọn ti di ìlọ́po méjì. Ìrẹsì wá ńkọ́? Wọ́n sè é. Ọkọ̀ olóúnjẹ ló bàjẹ́ lọ́nà. Ìpín di náírà mẹ́ta, o wá kí mi nílé, o ní, "Akínsànyà, má bínú, bí ọjà ṣe rí nìyẹn." O sì mu mínírà mi. Igò méjì!

Má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kù díẹ̀.

Lánàá, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n béèrè ẹ, o kúkú mọ̀ pé ibi tí o bá yíjú sí ni gbogbo wọn ń yíjú sí. Mo mí kanlẹ̀ bíi tìẹ. Mo ní lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lo ti tẹ̀ka, tí o ta gbogbo ìpín kọ̀ǹpútà ẹ. Pé o gbọ́ nǹkan kan nípa èrè wọn tí o ò lè sọ. Ó ṣáà dájú pé o ò lè sọ ọ́. Yéè! Hàrúnà tó máa ń jókòó tì ẹ́ ló kọ́kọ́ sáré wọlé lọ tà, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Kó tó di ọ̀sán, àádọ́ta kọ́bọ̀! Mo yọ owó mi jáde, mo ra ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi padà.

Nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ẹtì yìí lo máa san owó àgbọ̀n. Ta ìpín ẹ o. Fọ́ọ̀mù alágbàtà rèé, tẹ̀ka sí i. Iye tí èmi ta tèmi náà ni wàá ta tìẹ.

Ohun kan ni wọ́n bi mí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: ṣé o sunkún nígbà tí ò ń tẹ̀ka? Mo ní o sunkún dáadáa. Hàrúnà sì ń bọ̀ wá kí ẹ nírọ̀lẹ́ yìí. Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, má sọ mí di òpùrọ́.

Ẹn-ẹ́n! O ṣeun. Ojú ọ̀tún ti sunkún tiẹ̀. Ojú òsì ńkọ́?