Nọ́ńbà Kìíní fún Màmá

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ lọ sí Ìlútítun, ọmọbìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń ṣàròyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

"Bọ̀ọ̀dá, ìkànnì tí mo ṣe fún ìjọ kò gba orúkọ Màmá wọlé, ọ̀la sì ni màá fi han ìjọ!"

"Nọ́ńbà wo lo kọ síwájú orúkọ wọn?"

"Ọ̀kan. Ṣebí Màmá ló dá ìjọ sílẹ̀."

"Olóríkunkun ọmọ Màmá! Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń pín nọ́ńbà. Fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ṣáà tẹ orúkọ Màmá ṣáájú ti gbogbo èèyàn."

Ó pa nọ́ńbà náà rẹ́, ó tẹ orúkọ, ó sì pariwo: "Ọ̀kan ló fún wọn!"

Fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọkàn mi kì í balẹ̀ látìgbà tí mo ti ń wáṣẹ́. Létí tèmi, iṣẹ́ Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, òun ni mo sì ń tún sọ sínú títí a fi dé.