Ikọ́ Tí Mo Pè Ní Ata

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹnu mi mú, gbogbo ọjà Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu yìí ò lè sọ láti èṣí. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kánsù máa pinnu ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, èmi nìkan ni mo sì mọ òótọ́ ibẹ̀.

Ata gbígbẹ ni mo ń tà, mo sì ń lọ̀ ọ́ fún oníbàárà. Ẹni tó ń lọ ata, ikọ́ kì í ṣe àlejò rẹ̀. Nígbà tí tèmi kọ̀ tí kò lọ, tí mo ń rù bí ewúrẹ́ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n yẹ itọ́ mi wò, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, kí n sì máa bo ẹnu.

Ẹ̀rín pa mí. Aláta tó bo ẹnu, ta ni yóò ra ata lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ní kí n ta ata Kérésìmesì tán ná.

Kí ikọ́ má bàa dójú tì mí lọ́jà, mo lọ gba oògùn ikọ́ olómi ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò wa. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí. Bó ṣe gbọ́ ikọ́ mi, ó fa ìbòmú yọ nínú àpò.

"Màmá Aláta, ikọ́ yìí ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ itọ́ yín wò."

"Ata ni, ìyàwó. Ṣé nítorí ata lo fẹ́ ṣe di imú? Wá bá mi jókòó sọ́jà lọ́jọ́ kan, ìwọ náà á húkọ́ bí mọ́tò àtijọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dá ìbòmú padà sápò. Ó sún mọ́ mi, ó ń gbọ́ àyà mi, mo sì ń húkọ́ sí i lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo padà síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó lọ bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Àkúrẹ́. Orúkọ ìyá mi ni mo fi gba oògùn ọ̀hún, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀.

Ara mi yá. Ti Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní òfin wà pé bí òṣìṣẹ́ ìlera bá kó àìsàn lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ni yóò tọ́jú rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ ò sì ní dúró. Ṣùgbọ́n kánsù ní aláìsàn ikọ́ ife kankan ò wá sí ilé ìwòsàn rẹ̀ rí, pé ilé rẹ̀ ló ti kó o. Owó oṣù dúró, wọ́n sì ń gbèrò láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ wá ẹni tó kó o ràn án. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín: ṣé kòkòrò ikọ́ máa ń já rìsíìtì fún èèyàn ni? Èmi gan-an ni rìsíìtì ọ̀hún, mo jókòó sídìí ata.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá ra ata. Aṣọ ti tóbi jù ú lọ. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ìbòmú lẹ́nu.

"Ìyàwó, kí ló dé tó o dúró sọ́nà bí agbowó-orí?"

"Ẹ má sún mọ́ mi, Màmá. Mi ò fẹ́ kó ikọ́ yìí ràn yín."

Mo wọn ata fún un, mo fi ènì lé e. Mi ò gba owó rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọjà mi ti tú nìyẹn. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á jó dé Ẹ̀mùrè. Bí mo bá sì dákẹ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sílé rẹ̀ láti sọ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, mo ní mo kàn wá kí wọn ni. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún yín, Màmá. Gbogbo èèyàn ti sá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń wọ ulé wa."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá: kánsù ni, àbí ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ fún mi yẹn?